Ọ̀pá Méjì, Àtẹ̀gùn Kan

Gbọnrangandan kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún gbáko ló ti ń ṣe kápẹ́ńtà lọ́dọ̀ Bàbá Oníàtẹ̀gùn, kò sì sí pákó kan tó gé tó wọ́, kò sí ilẹ̀kùn kan tó kàn tó ń ké bí wọ́n bá ṣí i. Bó bá fa ìlà sára igi, ìlà náà á lọ tààrà bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò dúró kí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Àwọn oníbàárà fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni wọn ò fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀, ìyẹn sì ń dùn ún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ lè fi ayùn là á sí méjì kó tó jẹ́wọ́ rẹ̀ fún yín.

Ẹni tí wọ́n fẹ́ràn ni Ọ̀rẹ́-Ayé. Ọdún mẹ́ta ni Gbọnrangandan fi ṣáájú rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù, òun ló tiẹ̀ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pọ́n ìfági. Ọ̀rẹ́-Ayé mọṣẹ́ o, àmọ́ ẹnu rẹ̀ yá ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ìgbà kan wà tó gé ilẹ̀kùn ilé dókítà kúrú, tó jẹ́ pé abẹ́ rẹ̀ ni adìẹ ń gbà wọlé. Dókítà wá síta láti bínú, Ọ̀rẹ́-Ayé ní, "Dókítà, adìẹ náà nílò ìtọ́jú, ẹ jẹ́ kó wọlé." Ẹ̀rín ni wọ́n fi parí ọ̀rọ̀, wọ́n sì ti di ọ̀rẹ́ láti ìgbà náà. Ká ní Gbọnrangandan ló gé e ni, àgọ́ ọlọ́pàá ni wọn ìbá ti yanjú rẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀bù yìí, wọn kì í kọ ìwọ̀n igi sínú ìwé. Ọ̀pá ni wọ́n ń lò. Bàbá á fá ọ̀pá tín-ín-rín méjì jáde lára pákó kan náà, á kó wọn fún ẹni méjì. Àwọn méjèèjì á lọ síbi iṣẹ́, oníkálukú á dá wọn tirẹ̀, á sì fi ọ̀bẹ fa ìlà sára ọ̀pá rẹ̀ níbi tí igi bá gùn dé. Bí wọ́n bá dé, Bàbá á tẹ́ ọ̀pá méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí tábìlì. Bí ìlà bá bá ìlà mu, ó di kí wọ́n máa gé igi. Bí kò bá mu, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ayùn. Bàbá kì í béèrè ẹni tó ṣì í wọ̀n. Á kàn ní kí àwọn méjèèjì padà lọ ni.

Bàbá ti darúgbó, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣú. Nígbà tó wà léwe, tó ń ṣe kápẹ́ńtà inú ọkọ̀ ojú omi, ó rí àtẹ̀gùn kan nílé ìkàwé ìlú òkèèrè kan, láti ọjọ́ náà ni kò sì ti yé sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ kọ́ irú rẹ̀ kí ojú òun tó lọ tán. Ó pe Gbọnrangandan àti Ọ̀rẹ́-Ayé, ó fún wọn ní ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, ó sì nàka sí kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù tó wà lórí ìṣó lára ògiri.

"Ẹ lọ wọ̀n ọ́n wá fún mi. Lọ́jọ́ tí ẹ bá dé, tí mo bá ti tẹ́ ọ̀pá yín sílẹ̀, màá mọ ọwọ́ tí kọ́kọ́rọ́ yẹn àti ṣọ́ọ̀bù yìí ń bọ́ sí."

Gbọnrangandan gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ó wo kọ́kọ́rọ́, ó wo Ọ̀rẹ́-Ayé. Ọ̀rẹ́-Ayé ń béèrè lọ́wọ́ Bàbá bóyá òtútù máa ń mú níbẹ̀.

Inú rélùwéè ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni Gbọnrangandan fẹ́ jókòó, ó sì ti ń rò ó láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Obìnrin kan ló wà níbẹ̀, Gbọnrangandan dúró síwájú rẹ̀, ó ń retí kó dìde. Obìnrin náà kò mira. Ọ̀rẹ́-Ayé dé láti ẹ̀yìn, ó fi ọmọ obìnrin náà ṣeré, obìnrin náà sún, ó sì fún Ọ̀rẹ́-Ayé ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá jókòó síbí," Ọ̀rẹ́-Ayé wí.

"Rárá, jókòó. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ti pọ̀ jù fún mi."

Afẹ́fẹ́ kankan ò sí. Fèrèsé náà ò tiẹ̀ ṣeé ṣí.

Ní ẹnubodè, òṣìṣẹ́ tó ń wo ìwé ìrìnnà yẹ ti Gbọnrangandan wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó gbé e sókè sí iná, ó wo ojú rẹ̀, ó tún wo ìwé. Ti Ọ̀rẹ́-Ayé, ó kàn lù ú lóǹtẹ̀ ni, ó sì rẹ́rìn-ín. Gbọnrangandan ka eyín tó wà nínú ẹ̀rín náà. Mẹ́jọ ni.

Òkúta ni wọ́n fi tẹ́ títì ìlú tí wọ́n dé. Ilé ga ní àjà mẹ́rin mẹ́rin, wọ́n fara ti ara wọn bí èrò tó ń na ọrùn wo ìran. Ọkọ̀ ojú irin kéékèèké ń gba àárín títì kọjá, agogo wọn ń dún, odò kan sì la ìlú náà já tí afárá pọ̀ lórí rẹ̀ bí ẹsẹ̀ àkàbà. Àwọn méjèèjì ò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè ibẹ̀. Opó kan ló gbà wọ́n sílé, ó fún wọn ní yàrá kan lókè, bẹ́ẹ̀dì méjì, àga kan, fèrèsé kan. Ìrọ̀rí kan nípọn, èkejì pẹlẹbẹ bí búrẹ́dì tí wọ́n jókòó lé. Opó náà gbé èyí tó nípọn, ó gbọ̀n ọ́n, ó sì tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì Ọ̀rẹ́-Ayé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gba èyí."

"Orí mi kì í fẹ́ ìrọ̀rí gíga."

Ó sùn lórí èyí tó pẹlẹbẹ, ọrùn rẹ̀ sì ro ó di ọ̀sán ọjọ́ kejì.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n wá ilé ìkàwé lọ. Bàbá ti yàwòrán ọ̀nà fún wọn láti inú ọpọlọ rẹ̀, Gbọnrangandan sì di ìwé náà mú bí ẹni mú ọmọ tuntun. Ó ń kọjá afárá, ó ń ka igun ọ̀nà, ó ń sọ pé, "Ọwọ́ ọ̀tún. Ó kù díẹ̀." Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n kọjá níwájú ọkùnrin kan náà tó ń ta ìdìmú ilẹ̀kùn sórí títì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká béèrè."

"Èdè wo lo fẹ́ fi béèrè? Ìwọ lọ bá mi gbọ́ èdè wọn."

Ọ̀rẹ́-Ayé lọ bá oníìdìmú-ilẹ̀kùn. Ó ṣí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bí ìwé, ó ń kà á. Ó wá fi ìka méjì rìn nínú afẹ́fẹ́, ó ń yí wọn gòkè róbótó, títí apá rẹ̀ fi ga ju orí rẹ̀ lọ. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Ó fi ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ fún aládùúgbò rẹ̀, ó sì sìn wọ́n lọ dé ẹnu ọ̀nà ilé ìkàwé. Ó bọ Ọ̀rẹ́-Ayé lọ́wọ́. Ó kàn mi orí sí Gbọnrangandan ni, bí ẹni tó ń mi orí sí òpó.

Àtẹ̀gùn náà sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó ti ilẹ̀ yí lọ sókè bí ìwo àgbò, kò sí òpó kankan tó gbé e dúró láàárín. Ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mọ́kànlélógún. Ẹsẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ló gùn jù, bí wọ́n ṣe ń gòkè ni wọ́n ń kúrú díẹ̀díẹ̀, kò sì sí méjì tó gùn bákan náà. Igi náà ti dán, ó pupa bí oyin. Gbọnrangandan fi àtẹ́lẹwọ́ pa á. Ó dá a lójú pé kò sẹ́ni tó lè kọ́ irú èyí nílé àfi òun. Ó yẹ kí kọ́kọ́rọ́ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Obìnrin tó ń tọ́jú ilé ìkàwé náà le, ìgò ojú rẹ̀ nípọn, bàtà rẹ̀ ń dún kò-kò-kò. Ó kọ́kọ́ ní rárá. Ọ̀rẹ́-Ayé gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè, ó fi hàn án, ó kúnlẹ̀ níwájú àtẹ̀gùn bí ẹni ń tọrọ aya. Obìnrin náà fọwọ́ bo ẹ̀rín. Ó fi aago hàn wọ́n: wákàtí kan lójoojúmọ́, kí àwọn òǹkàwé tó dé.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Gbọnrangandan ò gbójú sókè. Ọ̀rẹ́-Ayé á wọn ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn kan, á bá obìnrin náà gbé ìwé, á tún padà wá wọn òmíràn. Ìlà tó ń fà sára ọ̀pá rẹ̀ máa ń tẹ̀ díẹ̀ sápá òsì, bí ó ti máa ń rí láti ọjọ́ tó ti ń kọ́ṣẹ́. Síbẹ̀, ibi tó yẹ kí ìlà wà náà ló wà. Gbọnrangandan ti yọ́ ọ wò, ó sì dùn ún pé kò rí àṣìṣe kankan.

Bí wákàtí wọn bá ti pé, wọ́n á rìn káàkiri ìlú. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ya sí òpópó kan tó jẹ́ ti àwọn kápẹ́ńtà, òórùn igi tútù àti gúlúù gba gbogbo ibẹ̀. Àwọn kápẹ́ńtà náà pè wọ́n wọlé, wọ́n gbé ìfági lé Ọ̀rẹ́-Ayé lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe ń dì í mú níbẹ̀ yàtọ̀. Ọ̀rẹ́-Ayé tì í, igi ya, ìfági fò, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Gbọnrangandan gba ìfági lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fá pákó náà láti orí dé ìdí, èépá igi náà jáde ní odindi, ó fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù dákẹ́. Kápẹ́ńtà àgbà ibẹ̀ gbé èépá náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó sì mi orí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n pa dà sọ́dọ̀ Ọ̀rẹ́-Ayé, wọ́n bu tíì fún un.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ rí i bí wọ́n ṣe dákẹ́ fún yín?" Ọ̀rẹ́-Ayé wí nígbà tí wọ́n jáde. "Ẹ̀rù yín bà wọ́n."

"Ìwọ ni wọ́n fún ní tíì."

"Ẹ̀yin náà ẹ kúkú mu ún."

"Lẹ́yìn tìrẹ."

Ọ̀rẹ́-Ayé rò pé ó ń ṣàwàdà. Ó fi èjìká gbá a.

Ọjọ́ kẹta ni ìbínú tó ti ń hó bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Gbọnrangandan wà lórí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn, ó fi orúnkún kan lélẹ̀, nígbà tí obìnrin ilé ìkàwé ṣí ilẹ̀kùn kékeré kan lábẹ́ àtẹ̀gùn, ó sì mú Ọ̀rẹ́-Ayé wọbẹ̀ tòun ti àbẹ́là.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wo nǹkan."

"Mò ń ṣiṣẹ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, ìṣẹ́jú kan péré."

"Mo ní mò ń ṣiṣẹ́. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣe é nínú àwa méjèèjì."

Orí afárá ni Ọ̀rẹ́-Ayé ti wá sọ ọ́ fún un. Lábẹ́ ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn kẹta, níbi tí ẹnikẹ́ni ò lè rí, wọ́n ti fi ọ̀bẹ fa ìlà kéékèèké mẹ́ta, òmíràn sì dábùú wọn. Àmì Bàbá ni. Òun náà ló wà lára ọ̀pá wọn, òun ló wà lára gbogbo ilẹ̀kùn tó ti jáde ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ọwọ́ Bàbá ni, Ẹ̀gbọ́n. Ó ti kúnlẹ̀ síbẹ̀ rí. Mi ò mọ bí inú rẹ̀ yóò ṣe dùn tó nígbà tí mo bá sọ fún un."

"Nígbà tí mo bá sọ fún un." Ó ní "mo," kò ní "a." Gbọnrangandan wo odò. Ó rí i bí yóò ṣe rí: Bàbá á na ọwọ́ méjèèjì sí Ọ̀rẹ́-Ayé, omi á lé ròrò sí ojú tó ti ń ṣú yẹn, ọwọ́ náà á sì lọ sórí ìṣó lára ògiri. Ọdún mẹ́rìndínlógún. Ẹni tó kàn rìn wọ abẹ́ àtẹ̀gùn tòun ti àbẹ́là ni yóò gba gbogbo rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, opó pe Ọ̀rẹ́-Ayé pé kó bá òun sún kọ́bọ́ọ̀dù nísàlẹ̀. Gbọnrangandan nìkan ló kù ní yàrá. Ọ̀pá méjèèjì fara ti ògiri. Ó gbé ti Ọ̀rẹ́-Ayé, ó jókòó sórí àga. Ó yọ́ ìda àbẹ́là, ó pò ó mọ́ lẹ́búlẹ́bú igi tó wà nínú àpò rẹ̀, ó fi dí ìlà keje pa. Ó dúró kó gbẹ, ó fi àtàǹpàkò dán an. Ó wá fi ọ̀bẹ rẹ̀ fa ìlà mìíràn sókè díẹ̀, kò tó ìdajì ìka.

Ìṣirò rẹ̀ rọrùn. Ọ̀pá méjèèjì ò ní bára mu. Ìrìn àjò náà ti jìn ju kí Bàbá sọ pé kí wọ́n padà lọ; fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ yóò ní láti béèrè ẹni tó ṣì í. Ta ni yóò sì gbà pé Gbọnrangandan ló ṣì í, nígbà tí adìẹ dókítà ṣì wà láàyè?

Nísàlẹ̀, opó ń rẹ́rìn-ín sí nǹkan kan. Gbọnrangandan gbé ọ̀pá padà sí ògiri.

Ọjọ́ tí wọ́n délé, Bàbá ti wà nídìí tábìlì láti àárọ̀. Ọ̀rẹ́-Ayé ò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tó fi sọ fún un nípa àmì náà, àmọ́ bó ṣe sọ ọ́ ni pé, "Bàbá, a rí ọwọ́ yín níbẹ̀. Èmi àti Ẹ̀gbọ́n." Gbọnrangandan gbọ́ ọ. Ó gbọ́ "èmi àti Ẹ̀gbọ́n," ó sì ń wá ibi tí ìyanjẹ wà nínú rẹ̀, kò rí i.

Omi lé ròrò sí ojú Bàbá. Ó nu ojú. Ó ní, "Ẹ gbé ọ̀pá wá."

Ó tẹ́ wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Àtàǹpàkò rẹ̀ ló fi ń ríran báyìí. Ó ń lọ láti ìlà dé ìlà, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ó ń mi orí. Ó dé orí keje, ó dúró.

"Kò mu."

Ọ̀rẹ́-Ayé ní, "Tèmi ló máa ṣì, Bàbá. Ẹ̀gbọ́n ò gbójú sókè lọ́jọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èmi ni mò ń bá obìnrin ilé ìkàwé gbé ìwé kiri. Ẹ fi ti Ẹ̀gbọ́n ṣe é."

Ó ti parí nìyẹn. Kọ́kọ́rọ́ ti bọ́ sílẹ̀ bí èso tó pọ́n. Ó kù kí Gbọnrangandan na ọwọ́ láti gbé e.

Àmọ́ Bàbá ò gbé ọwọ́ kúrò lára ọ̀pá Ọ̀rẹ́-Ayé. Àtàǹpàkò rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sórí kẹfà, ó gòkè sórí kẹjọ, ó padà sórí keje. Ogún ìlà tẹ̀ sápá òsì. Ìlà kan péré dúró ṣánṣán.

"Ọ̀rẹ́-Ayé, ṣé ìwọ lo fa gbogbo ìlà yìí?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Gbogbo ẹ̀? Wò ó dáadáa."

Ọ̀rẹ́-Ayé gba ọ̀pá náà, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Ẹ̀rín tó máa ń wà létí ẹnu rẹ̀ látọjọ́ tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n rọra lọ. Ó gbójú sókè, ó wo Gbọnrangandan, ó sì wo ilẹ̀.

"Èmi ni," ló wí. "Ọwọ́ mi ló ṣì í."

Ká ní ó pariwo ni, Gbọnrangandan ìbá mọ ohun tó máa ṣe. Ká ní ó nàka sí i, ìbá sẹ́ kanlẹ̀. Àmọ́ Ọ̀rẹ́-Ayé gbé kọ́kọ́rọ́ náà fún un bó ṣe gbé ìrọ̀rí fún un, bó ṣe gbé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé fún un. Yóò máa fi kọ́kọ́rọ́ yìí ṣí ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀, yóò sì máa mọ ọwọ́ ẹni tó ti gbà á. Kò lè gbà á. Kì í ṣe pé ọkàn rẹ̀ mọ́ lójijì. Ó kàn jẹ́ pé ìlara náà ò fẹ́ kí Ọ̀rẹ́-Ayé tún jẹ́ ẹni rere nínú èyí pẹ̀lú.

"Irọ́ ló ń pa," Gbọnrangandan wí. "Èmi ni mo fà á. Mo fi ìda dí tirẹ̀."

"Mo mọ̀," Bàbá dáhùn. "Ta tún ni ọwọ́ rẹ̀ ò lè fa ìlà tó tẹ̀, kódà bó bá fẹ́?"

Ó gba ọ̀pá Ọ̀rẹ́-Ayé, ó kán an sí méjì lórí etí tábìlì, ó sì kì í bọ sítóòfù tí wọ́n fi ń yọ́ gúlúù.

"Bàbá, tèmi tọ́," Gbọnrangandan wí. "Mo búra. Ìlà mọ́kànlélógún."

"Mo gbà pé ó tọ́. Tèmi náà tọ́." Bàbá jókòó. "Èmi náà wọ̀n ọ́n nígbà yẹn. Èmi nìkan. Ẹni tí wọ́n ní kó bá mi lọ, mo fi sílẹ̀ nínú ọkọ̀, torí pé mi ò fẹ́ kó sọ pé àwa méjèèjì la rí i. Mo gbé ọ̀pá délé, kò sí èyí tí mo lè tẹ́ ẹ tì. Ogójì ọdún, mi ò gé pákó kan fún àtẹ̀gùn náà." Ó wo apá ibi tí ìṣó wà, bí ẹni pé ó ń rí i. "Mi ò lè fún ẹnikẹ́ni ní kọ́kọ́rọ́ lórí ọ̀pá kan. Ìlà ẹ̀yin méjèèjì ni mo fẹ́ kó mu, kí ẹ lè jọ di kọ́kọ́rọ́ mú. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ padà lọ."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Gbọnrangandan jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Kò sẹ́ni tó bá a dù ú. Ọ̀rẹ́-Ayé jókòó sí òdìkejì, ó gbé ọ̀pá tuntun lé orúnkún, ó kí i ní "Ẹ káàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n," bí ọmọlúàbí, kò sì sọ nǹkan mìíràn títí wọ́n fi dé ẹnubodè. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ rí i, ó rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́-Ayé kàn gba ìwé rẹ̀ padà. Gbọnrangandan ti ń retí láti ọjọ́ yìí wá pé kí ẹnu yẹn pa dé. Ó pa dé, kò sì rí ìtura kankan níbẹ̀.

Wọ́n rìn wọ ìlú. Wọ́n ti ti afárá kan pa fún àtúnṣe, ọ̀nà tí wọ́n mọ̀ ti dí, wọ́n sì sọnù lójú ẹsẹ̀. Gbọnrangandan dúró kí Ọ̀rẹ́-Ayé lọ béèrè. Ọ̀rẹ́-Ayé ń wo bàtà ara rẹ̀.

Obìnrin kan ń gbin òdòdó sínú ìkòkò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Gbọnrangandan lọ bá a. Ojú ń tì í. Ó ṣí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bí ìwé. Ó fi ìka méjì rìn nínú afẹ́fẹ́, tààrà, bí ẹni ń gun àkàbà. Kò yé obìnrin náà. Ó tún un ṣe, àwọn ìka náà tún lọ tààrà. Nígbà náà ni ọwọ́ kan yọ láti ẹ̀yìn, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì rọra yí i sápá òsì bí àwọn ìka náà ṣe ń gòkè, róbótó, róbótó.

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì nàka sí ọ̀nà. Gbọnrangandan ò wo obìnrin náà. Ó yíjú padà kíákíá, láti mọ̀ bóyá ẹni tó wà lẹ́yìn òun náà ń rẹ́rìn-ín.